Tẹ̀mómítà, Fóònù àti Ọmọ Kékeré: Ìbéèrè Táwọn Òbí Ń Bi Wá Nípa Ṣíṣọ́ Ìlera Ọmọ Nílé

Ìyá, bàbá àti màmá àgbà tó ń tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún la kọ èyí fún. Bí wọ́n ṣe ń bi wá la ṣe tò ó, kò sí ètò míì nínú rẹ̀. Bí ara ọmọ yín kò bá yá lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ má jókòó kà á tán. Ẹ ka ìdáhùn àkọ́kọ́, kí ẹ sì gbéra.

Bí mo bá ní àwọn ẹ̀rọ yìí nílé, ṣé mo lè dín lílọ sí ilé ìwòsàn kù?

Ẹ lè dín ìrìn tí kò nídìí kù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ̀rọ inú ilé wà fún gan-an ni kó jẹ́ kí ẹ tètè mọ̀ pé ó yá, ẹ gbé ọmọ. Ẹni tó bá rà á kó lè máa jókòó sílé, ohun tí kò lè ṣe ló rà á fún.

Àwọn àmì kan wà tí kò nílò ẹ̀rọ rárá: ọmọ tí kò lè mu ọmú tàbí omi mọ́, ọmọ tó ń bi gbogbo ohun tó bá jẹ, ọmọ tí gìrì mú, ọmọ tó ń sùn ràì, tí ẹ pè é títí tí kò dáhùn. Àmì mẹ́rin yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń wo ọmọ tó ti ju oṣù méjì lọ, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sì ti tó. Bí ẹ bá rí i, ẹ má wá tẹ̀mómítà kiri. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112. Ní Èkó, 767 náà ń lọ. Ká má parọ́ fún ara wa ṣá, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ọkọ̀ aládùúgbò ló máa ń yá jù. Ẹ fi nọ́ńbà ẹnìkan tó ní mọ́tò sórí fóònù láti ìsinsìnyí, kí ẹ sì ti bá a sọ ọ́.

Nípa gìrì: ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná, ẹ má da àgbo tàbí ìtọ̀ màlúù sí i lọ́fun. Kí ẹnìkan wo aago fóònù, kí ẹlòmíì ya fídíò rẹ̀. Dókítà yóò béèrè pé ìṣẹ́jú mélòó ni, ṣé gbogbo ara ló ń gbọ̀n ni àbí apá kan, àyà tó ń já kò sì ní jẹ́ kí ẹ rántí.

Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò pọ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Tẹ̀mómítà oníbátìrì tí wọ́n ń fi sí abíyá. Kò wọ́n, ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì ló ní i, kò sì nílò dátà. Kí ẹ má ra onímẹ́kúrì mọ́. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 2013 fi 2020 ṣe òpin ṣíṣe é àti kíkó o wọ ìlú, nítorí májèlé ni mẹ́kúrì tó wà nínú rẹ̀ bó bá fọ́.

Ohun kejì ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀: fóònù tó ní aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn yòókù, ọmọ kan pàtó ló nílò wọn, kì í ṣe gbogbo ọmọ. Òṣùwọ̀n ọmọ wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ẹ má ná owó sí i.

Báwo ni mo ṣe máa wọn ìgbóná ara ọmọ kó lè péye?

Ẹ nu òógùn abíyá rẹ̀ gbẹ. Ẹ fi orí tẹ̀mómítà sí àárín abíyá gan-an, kó kan awọ ara, kó má kan aṣọ. Ẹ kó apá ọmọ mọ́ àyà rẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi dún. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn, tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún un, ẹ dúró ná bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n nínú oòrùn Ìbàdàn lọ́sàn-án, ara rẹ̀ á gbóná láìsí àìsàn kankan.

37.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní abíyá, ibà ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye, wákàtí, oògùn tí ẹ fún un àti ìgbà tí ẹ fún un. Ìlà mẹ́rin péré nínú ìwé tàbí lórí fóònù ṣe pàtàkì fún dókítà ju "ara rẹ̀ ti ń gbóná láti àná" lọ. Nílẹ̀ wa, ọmọ tó bá ní ibà gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn kí ẹ tó ra oògùn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan láti orí ìka ni, èsì rẹ̀ kì í ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Tẹ̀mómítà kò lè sọ fún yín pé ẹ̀fọn ni.

Ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì yàtọ̀. Bó bá pé 37.5, tàbí tó lọ sílẹ̀ ju 35.5 lọ, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, bó jẹ́ òru. Gbogbo òbí ló ń bẹ̀rù ìgbóná. Àwọn tó mọ̀ pé kí ara ọmọ tuntun tutù léwu bákan náà kò pọ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Bengaluru, ní Íńdíà, ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ kékeré fún ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù, tí wọ́n ń pè ní BEMPU: bí ara ọmọ bá ń tutù, iná rẹ̀ á yí padà, á sì máa ké. Ohun tí ìyá máa ṣe bó bá ké kò ju kó gbé ọmọ sí àyà lásán, awọ ara kan awọ ara, kó fi aṣọ bò ó. Ọ̀nà ìtọ́jú yẹn ni Dókítà Edgar Rey bẹ̀rẹ̀ ní Bogotá, ní Kòlóńbíà, ní 1978, nígbà tí ẹ̀rọ amúlémóoru kò tó ọmọ. Ẹni tí kò ní ẹ̀gbà náà, ó ní àyà.

Ìyá ọkọ mi ní ọwọ́ òun tó tẹ̀mómítà. Ṣé irọ́ ni?

Ìdajì òótọ́ ni, ẹ má bá màmá jà. Àwọn tó ṣe ìwádìí lórí fífi ọwọ́ kan ọmọ rí i pé ọwọ́ ìyá dára láti sọ pé ibà *kò sí*, ṣùgbọ́n kò dára tó bẹ́ẹ̀ láti sọ pé ó *wà*. Bí màmá bá ní ara ọmọ tutù, ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó gbóná, ẹ rọra fi tẹ̀mómítà sí i kí ẹ tó da oògùn sí i lẹ́nu.

Áàpù kan ní kí n fi ìka ọmọ tẹ ojú fóònù, òun á sọ bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Ṣé kí n gbà á gbọ́?

Rárá. Ojú fóònù kì í wọn ìgbóná ara. Google Pixel 8 Pro ní ẹ̀rọ kan lẹ́yìn tó lè ṣe é láti iwájú orí, FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, sì fọwọ́ sí i ní 2024, ṣùgbọ́n fóònù tí gbogbo wa ń lò kọ́ nìyẹn. Áàpù tó ń sọ iye láìní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣe ló ń ro ó. Ẹ pa á rẹ́.

Ọmọ mi ń wúkọ́, ó sì dà bíi pé ó ń mí kíákíá. Kí ni fóònù lè ṣe sí i?

Ibí gan-an ni fóònù ti wúlò jù, kódà fóònù kékeré oníbọ́tìnì. Ní 2018, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí òtútù àyà pa ní Nàìjíríà tó 162,000 gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí UNICEF gbé jáde. Kò sí orílẹ̀-èdè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Ohun tó sì yẹ ká ṣọ́, kò sí ẹ̀rọ tó wọ́n nínú rẹ̀. Kíka èémí ni.

Bí a ṣe ń kà á nìyí. Ẹ dúró kí ọmọ dákẹ́ tàbí kó sùn. Iye tí ẹ bá kà lára ọmọ tó ń ké tàbí tó ń mu ọmú kò wúlò. Ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè kí ẹ lè rí ikùn àti àyà dáadáa, kí ìmọ́lẹ̀ sì wà. Ẹ fi aago fóònù sí ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e fún ẹlòmíì kó dì í mú, torí ẹ kò lè wo aago kí ẹ tún wo ikùn. Bí ikùn bá gòkè tó sọ̀ kalẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ má kà á fún ìdajì ìṣẹ́jú kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: ọmọ tuntun máa ń sáré mí díẹ̀, á dákẹ́ bí ìgbà tó gbàgbé, á tún bẹ̀rẹ̀, ìdajì ìṣẹ́jú á sì tàn yín jẹ.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì: 60 sókè ti pọ̀ jù (ẹ tún un kà kí ó dá yín lójú). Láti oṣù méjì títí dé oṣù mọ́kànlá: 50 sókè. Láti ọdún kan títí dé ọdún márùn-ún: 40 sókè. Ọmọ tó wúkọ́ tó sì dé iye yìí gbọ́dọ̀ rí òṣìṣẹ́ ìlera lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ ṣe ń kà, ẹ wo ìsàlẹ̀ egungun ìhà rẹ̀. Bí ọmọ bá fa èémí sínú, àyà yẹ kó jáde síta. Bí ìsàlẹ̀ àyà bá ń wọlé sínú bó ṣe ń fà á, tí ihò imú ń ṣí, tàbí tó ń kérora ní gbogbo èémí, ẹ má ka iye mọ́, ẹ gbé e.

Áàpù wà tó jẹ́ pé ẹ kàn máa tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀kan fún èémí kọ̀ọ̀kan, òun á ṣe ìṣirò. Ó dára fún ẹni tí kíkà máa ń dàrú mọ́ lójú. Philips tiẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kan, ChARM, tí wọ́n ń dè mọ́ ikùn ọmọ kó lè ka èémí fúnra rẹ̀, fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé. Kò pọn dandan nínú ilé. Ojú méjì àti aago kan ti tó.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń há ìka, tó ń sọ iye ọ́síjìn, ńkọ́? Gbogbo ènìyàn ló rà á nígbà Kòrónà.

Wọ́n rà á fún àgbàlagbà. Fún ọmọ, ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò le: ó ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa àti òmíràn tí ojú kò rí gba inú ìka kọjá, ó sì ń wo èyí tí ẹ̀jẹ̀ gbé mì, torí ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn àti èyí tí kò gbé e kì í gbé ìmọ́lẹ̀ mì bákan náà. Takuo Aoyagi, ará Japan, ló ronú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ọmọ tí ara rẹ̀ le yẹ kó wà láàárín 95 sí 100. Bó bá dúró sí 94 tàbí kó lọ sílẹ̀, ẹ pe dókítà. Bí kò bá pé 90, ọ́síjìn ló nílò, kò sì sí nínú ilé.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ìtóbi. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, ìka àgbà ni wọ́n ṣe é fún. Lára ọmọ jòjòló, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ ìka kọjá. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ, tí wọ́n ń wé mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ló yẹ. Ìkejì ni pé ọmọ kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ọwọ́ tó tutù, kútẹ́ẹ̀sì, làálì tí wọ́n fi kun èékánná fún ìkómọ tàbí ọdún, gbogbo wọn ló ń da ẹ̀rọ náà láàmú. Nítorí náà, kí ẹ tó gba iye ọ́síjìn gbọ́, ẹ kọ́kọ́ wo iye ìlùkìkì ọkàn tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọkàn ọmọ ọwọ́ máa ń lù tó 100 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ọmọ bá ń ké burúkú tí ẹ̀rọ sì ní ọkàn rẹ̀ ń lù ní 62, kò rí ọmọ náà rárá, kí ẹ má wulẹ̀ wo èkejì. Ẹ tún un há, ẹ di ẹsẹ̀ mú, ẹ dúró títí àmì tó ń lọ sókè sódò á fi rọra lọ déédéé.

Ìkẹta ló kan àwa gan-an. Ní December 2020, àwọn dókítà Yunifásítì Michigan gbé ìwádìí jáde lórí àwọn àgbàlagbà: nígbà tí ẹ̀rọ ìka sọ pé ọ́síjìn wà láàárín 92 sí 96, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ó ti lọ sílẹ̀ ju 88 lọ ní ìgbà 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n wọ̀n ọ́n lára aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ní ìgbà 3.6 péré nínú ọgọ́rùn-ún lára aláwọ̀ funfun. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ńlá nìyẹn, kì í ṣe èyí tí a rà ní Aláàbà. FDA ṣe ìkìlọ̀ lórí rẹ̀ ní oṣù kejì 2021. Ohun tó túmọ̀ sí fún ìyá ọmọ dúdú ni pé iye tó burú, ẹ gbà á gbọ́ kíákíá; iye tó dára, ẹ fi ojú fura wò ó.

Ẹ̀rọ ní 97, ṣùgbọ́n ọmọ kò ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

Ọmọ.

Ta ló tiẹ̀ yẹ kó ní ẹ̀rọ ìka yẹn nílé?

Ọmọ tó ní ikọ́ fée tó máa ń le, ọmọ tó ní àrùn ọkàn, ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù tí wọ́n dá sílé pẹ̀lú ọ́síjìn. Kí dókítà wọn sì ti sọ iye tí yóò mú kí wọ́n gbéra, torí iye tó bójú mu fún ọmọ tó ní àrùn ọkàn kan lè yàtọ̀ pátápátá sí ti ọmọ ẹnu ọ̀nà kejì.

Ojú ọmọ tuntun mi pọ́n. Mo gbọ́ pé fóònù lè ya fọ́tò rẹ̀ kó sì sọ bó ṣe le tó.

Òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Yunifásítì UCL ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn dókítà ní Ghana dán áàpù kan tó ń jẹ́ neoSCB wò lára àwọn ọmọ tuntun tó ju 300 lọ ní Accra, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2023. Ẹyinjú ni áàpù náà ń wò, kì í ṣe awọ ara, ìdí nìyẹn tó fi bá ọmọ dúdú mu. Èyí tí a fẹ́ràn nínú gbogbo irú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n fún dókítà àti nọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣe é, kì í ṣe ohun tí ẹ máa wà jáde lórí fóònù lálẹ́ òní.

Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ọmọ tuntun kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré nílẹ̀ Yorùbá, torí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ní àìtó G6PD, ohun kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa, kánfọ̀ tí a sì ń kó sáàárín aṣọ ọmọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn máa bàjẹ́ wàràwàrà. Ẹ gbé ọmọ síwájú fèrèsé lọ́sàn-án, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè. Ẹ wo funfun ojú rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ èrìgì rẹ̀, kí ẹ wo àwọ̀ tó wà níbẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé ìka kúrò. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Bó bá hàn láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tí ẹ bí i, tàbí tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ pọ́n, tàbí tí ọmọ kò fẹ́ mu ọmú, ilé ìwòsàn ni, kíá.

Ẹ ó gbọ́ pé kí ẹ gbé e sóòrùn àárọ̀. Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo oòrùn lóòótọ́ ní Èkó, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2015, ṣùgbọ́n abẹ́ àgọ́ tí wọ́n ta ọ̀rá pàtàkì lé lórí ni wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ sí, ọ̀rá tó ń sẹ́ èyí tó léwu kúrò nínú ìtànṣán, nọ́ọ̀sì sì ń wọn ara wọn lóòrèkóòrè. Bèbè fèrèsé wa kì í ṣe àgọ́ yẹn.

Ṣé òótọ́ ni pé áàpù kan wà tó ń gbọ́ igbe ọmọ tó sì ń mọ àìsàn?

Ubenwa nìyẹn. Ọmọ Nàìjíríà ni Charles Onu tó dá a sílẹ̀, Montreal ní Kánádà ni ilé iṣẹ́ wọn wà. Èrò wọn ni pé ọmọ tí kò rí atẹ́gùn tó nígbà ìbí, igbe rẹ̀ yàtọ̀, kọ̀ǹpútà sì lè kọ́ ìyàtọ̀ náà. Wọ́n ti gba ohùn igbe ọmọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, Brazil àti Kánádà. Inú wa dùn sí i, torí àwọn agbẹ̀bí wa ti ń tẹ́tí sí igbe kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé fóònù ń bọ̀. Títí di ìgbà tí dókítà yín bá sọ pé òun ń lò ó, ẹ má fi igbe ọmọ dá a mọ̀ lórí fóònù pé kò sí nǹkan.

Àbúrò mi ní Houston fi ìbọ̀sẹ̀ kan ránṣẹ́, tí ọmọ máa wọ̀ sùn, tó ń sọ ọ́síjìn àti ìlùkìkì ọkàn sórí fóònù.

Ẹ kí i, ó ṣeun. Owlet ló sábà máa ń jẹ́. Ní oṣù kẹwàá 2021, FDA kọ ìwé ìkìlọ̀ sí ilé iṣẹ́ náà pé wọ́n ń tà á bí ẹ̀rọ ìwòsàn láìgba àṣẹ, wọ́n sì dá títà rẹ̀ dúró ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kọkànlá 2023, FDA fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ń pè ní Dream Sock, fún ọmọ tí ara rẹ̀ le, láti oṣù kan sí oṣù méjìdínlógún. Ẹ wo èyí tó dé ọwọ́ yín.

Kódà èyí tó gbàṣẹ, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ pé kí òbí má gbára lé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti dènà ikú òjijì ọmọ jòjòló lójú oorun. Ohun tí wọ́n ní kí a ṣe ni kí ọmọ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, lórí ibùsùn tó le, láìsí ìrọ̀rí tàbí aṣọ wúruwùru lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ náà sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì àti iná tí kì í lọ. Bí iná bá lọ lóru tí ìbọ̀sẹ̀ dákẹ́, ìdákẹ́ náà kò túmọ̀ sí àlàáfíà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọmọ mi ń rù?

Ẹ béèrè okùn ìwọ̀n apá ní ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ó ní àwọ̀ pupa, ìyeyè àti ewéko. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ló wà fún. Ẹ fi yí agbedeméjì òkè apá òsì rẹ̀, láàárín èjìká àti ìgúnpá, kí apá rọ̀ sílẹ̀. Kó má fún, kó má sì tú. Bí kò bá pé 11.5 sẹ̀ǹtímítà, pupa nìyẹn, ìtọ́jú kíákíá ni. Láti 11.5 títí kó tó pé 12.5, ìyeyè. Ní orílẹ̀-èdè Niger, wọ́n kọ́ àwọn ìyá láti máa wọ̀n ọ́n fúnra wọn, ọwọ́ wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti òṣìṣẹ́ ìlera. Nínú gbogbo ohun tó wà lójú ewé yìí, okùn yìí ni a rò pé ó ń ṣiṣẹ́ jù fún owó tó kéré jù.

Mo máa ń gbàgbé ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún: ẹ fi gbogbo wọn sórí aago ìránnilétí fóònù lọ́jọ́ ìkómọ gan-an, kí ẹ fi sórí ti bàbá ọmọ náà. Ìjọba South Africa ṣe é fún gbogbo orílẹ̀-èdè wọn ní 2014 pẹ̀lú MomConnect, tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí aboyún àti ìyá ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Nílé wa níhìn-ín, Òǹdó ti gbìyànjú ohun tó jọ ọ́ ṣáájú wọn: ní 2009, nígbà Gómìnà Olúṣẹ́gun Mimiko, ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù tí wọ́n lè fi pe òṣìṣẹ́ ìlera tó ń bójú tó àdúgbò wọn. Ohun tó mú un wúlò ni pé ẹnìkan wà tó ń gbé e bí wọ́n bá pè.

Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá ọmọ mi fínra. Kí ni mo lè máa ṣọ́ nílé?

Ohun mẹ́ta. Ibà: bó bá ti pé 38, ẹ pe dókítà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má fi paracetamol bo ó mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Oògùn ojoojúmọ́: ẹ jẹ́ kí aago fóònù máa dún fún un. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, tó máa ń wú lójijì bí ẹ̀jẹ̀ bá há sínú rẹ̀; ó lè pa ọmọ láàárín wákàtí díẹ̀. Ní Jamaica, níbi tí Graham Serjeant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, wọ́n kọ́ àwọn ìyá láti máa fi ọwọ́ wá a lábẹ́ ìhà, ikú láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì dín kù gidigidi. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì di ìka yín mú, kó fi ibẹ̀ hàn yín lára ọmọ yín, torí fídíò kò lè kọ́ ìka. Bó bá wú, tí ètè ọmọ funfun, tó rẹ̀ ẹ́, ẹ gbéra.

Ọmọ mi ní àtọ̀gbẹ, ó sì ti ń lọ síléèwé.

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá, tó ń wọn ṣúgà ní gbogbo ìgbà; FreeStyle Libre, ẹyọ kan ń lo bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó wọ́n, ẹ ó sì máa ra òmíràn bí ọ̀kan bá ti parí, torí náà ẹ ṣírò owó ọdún kan kí ẹ tó ra ẹyọ kìíní. Àwọn òbí ló sọ ọ́ di ohun tí a lè wò láti òkèèrè: ní 2013, John Costik, bàbá kan ní ìpínlẹ̀ New York tó mọ kọ̀ǹpútà, tú ọ̀nà tí ẹ̀rọ ara ọmọ rẹ̀ fi ń kó iye rẹ̀ pamọ́, ó sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó lè máa wò ó níbi iṣẹ́. Àwọn òbí míì dara pọ̀, wọ́n pè é ní Nightscout, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí apá kò bá ká a, ẹ̀rọ tí wọ́n ń gún ìka fún ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ rí i pé tíṣà mọ ohun tó máa ṣe bí ọmọ bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn: ohun dídùn lẹ́nu lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó pè yín.

Kí ni mo máa fi ránṣẹ́ sí dókítà lórí WhatsApp?

Ọjọ́ orí ọmọ àti bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó. Iye tẹ̀mómítà àti wákàtí. Èémí ìṣẹ́jú kan. Ìgbà tó mu ọmú gbẹ̀yìn, ìgbà tó tọ̀ gbẹ̀yìn. Fídíò rẹ̀ láìsí aṣọ lọ́rùn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó hàn láti orí dé ikùn, kí tẹlifíṣọ̀n sì wà ní pípa ká lè gbọ́ ìró èémí. Kí ẹ mọ̀ pé dókítà tó ń sùn kò rí i. Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn, ẹ má jókòó máa wo àmì búlúù.

Ọ̀dọ̀ dókítà nìkan ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. A ti rí káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ lórí sítétọ́ọ̀sì, orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, gbogbo rẹ̀ pátá, pẹ̀lú "ẹ bá mi gbàdúrà." Àdúrà kò nílò àdírẹ́sì. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, ti 2023, ní kí ilé iṣẹ́ gba ìyọ̀ǹda òbí kó tó lo ìwífún ọmọdé. Bí áàpù bá ń béèrè nọ́ńbà gbogbo ènìyàn tó wà lórí fóònù yín kó tó ka èémí ọmọ, ẹ má fún un.

Níbi tí mò ń gbé, iná kì í dúró, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì máa ń lọ.

Ẹ ra èyí tó ń lo bátìrì, tó sì ń fi iye hàn lójú ara rẹ̀ láìní áàpù. Ẹ tọ́jú bátìrì kan pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀mómítà. Ẹ kọ àwọn iye tó wà lókè yìí, 37.5, 35.5, 60, 50, 40, sí páálí kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé ìwòsàn tó ní ọ́síjìn, kì í ṣe èyí tó sún mọ́ yín jù lásán. Ẹ lọ béèrè lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ara ọmọ yá: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní ọ́síjìn fún ọmọdé, ṣé ẹ sì ń ṣí lóru?" Ọ̀pọ̀ ibi ni yóò dáhùn pé rárá, ó sì dára kí ẹ ti mọ̀ báyìí.